Gáùn Tí Mi Ò Rán Ló Sọ Mí Di Olókìkí

Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn yìí. Kí n tó kọ ìtàn yìí, mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má fi orúkọ tàbí fọ́tò mi sí i. Ó ní wọ́n ti yìn mí tó.

Aránṣọ ni mí. Gáùn ìyàwó ni mo ń rán jù, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, tó jẹ́ pé èmi àti eruku la jọ ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ akunlé ni ọkọ mi ń ṣe. Mo fẹ́ràn aṣọ rírán gan-an, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí jù ú lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lórí ìkànnì ńlá yẹn, èyí tí tọmọdé tàgbà ń lò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń tẹ̀ lé mi níbẹ̀. Bí mo bá ti gbé gáùn tuntun síta, láìkì á máa rọ́ wọlé, orí mi á máa wú. Àfi lọ́jọ́ kan tí ọ̀gbẹ́ni kan tí mi ò mọ̀ rí kọ ọ́ sábẹ́ gáùn mi pé, "Ṣé ìyàwó ló máa wọ èyí ni, àbí wọ́n fẹ́ fi bo mọ́tò?"

Ẹ má bi mí bí láìkì tí wọ́n fi sí ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣe pọ̀ tó. Ó ju ti gáùn lọ.

Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére gígùn kan. "Mo ń kúrò níbí o," ni mo kọ. "Ariwo ti pọ̀ jù. Ìfẹ́ ti tán, ìlara ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ àlàáfíà, kó tẹ̀ lé mi ká lọ síbi tí èrò ò ti pọ̀." Ẹkún ni mo fi kọ ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún sunkún, nítorí pé ó dùn lóòótọ́.

Nínú gbogbo èrò yẹn, ẹni mẹ́ta péré ló tẹ̀ lé mi. Ọ̀kan ni àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí kò mọ ojú abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ẹnu rẹ̀. Ìkejì ń ta oògùn tó ń fa ikùn wọlé. Ìkẹta rò pé mo fẹ́ gbà á síṣẹ́ ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo wọn ti padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ibi tí mo kó lọ ni ẹgbẹ́ kékeré kan lórí ẹ̀rọ ayélujára, tó jẹ́ ti àwa aránṣọ nìkan. Yàrá là ń pè é. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ ló dá a sílẹ̀. A ò pọ̀, a sì mọ ìwà ara wa, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ tíì fojú kan ara wọn rí. Bàbá Bọ́tìnnì wà níbẹ̀, àgbàlagbà kan tó ń rán aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí nǹkan míì. Onísùúrù náà wà níbẹ̀, obìnrin kan tí mo fi ọjọ́ orí jù, tó ń ránṣọ ní ìlú mìíràn.

Nínú Yàrá, kò sí láìkì, ẹnikẹ́ni ò sì mọ iye ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí mi ò tíì rí níbòmíì ni pé, lọ́jọ́ Sátidé, iṣẹ́ tó bà jẹ́ mọ́ kálukú lọ́wọ́ ni kálukú máa ń gbé wá. Ì báà jẹ́ apá tó o rán sódì tàbí kọ́là tó wọ́, wàá ya fọ́tò rẹ̀, wàá gbé e síbẹ̀, àwọn yòókù á sì bá ọ wá ọ̀nà àtúnṣe. Òfin kan ṣoṣo ló wà: iṣẹ́ tó bá bà jẹ́ nínú Yàrá kò gbọ́dọ̀ jáde síta.

Sátidé àkọ́kọ́ mi, kí ni mo gbé lọ? Gáùn tó dára jù nínú gbogbo gáùn tí mo ti rán láyé mi. Mo jókòó ti fóònù, mo ń retí ìyìn. Ilẹ̀ ń ṣú lọ kí Ẹ̀gbọ́n tó dáhùn.

"Ó dáa, àbúrò. Kí ló bà jẹ́ níbẹ̀?"

"Kò sóhun tó bà jẹ́, mà."

"Kí wá ló gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé?"

Bàbá Bọ́tìnnì fi tirẹ̀ kún un: "Apá òsì gùn."

Mo fa téèpù yọ, mo wọn apá òsì. Ó gùn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bínú sí bàbá onítọ̀hún, bí ẹni pé òun ló fà á gùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àlàáfíà tí mo ní mò ń wá, ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́, ó sì sú mi kíá. Màá gbé fóònù, màá wò ó, kò ní sí ẹni tó pè mí ní ayaba aránṣọ. Bó ṣe di ọjọ́ kan nìyẹn, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo ṣí ojú ewé tuntun lórí ìkànnì ńlá. Mi ò lè lo orúkọ ara mi, torí ọ̀rọ̀ ìdágbére mi ṣì wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Mo pe ara mi ní Abẹ́rẹ́ Wúrà.

Ọkọ mi kanlẹ̀kùn. "Ṣé kò sí o? Àbí inú ń run ẹ́ ni?"

"Rárá o, mò ń fọ nǹkan."

"Mi ò gbúròó omi."

Ni mo bá ṣílẹ̀kùn, mo jẹ́wọ́ fún un.

"Ìwọ tó o ní o ò ní padà síbẹ̀ mọ́?"

"Èmi kọ́, Abẹ́rẹ́ Wúrà ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé Abẹ́rẹ́ Wúrà, fún ìgbà pípẹ́, òun nìkan náà ni.

Sátidé kan ló wá dé tí Onísùúrù kọ ọ́ sínú Yàrá pé, "Ẹ gbà mí o. Mo ti dáràn."

Fọ́tò tó gbé wá bà mí nínú jẹ́. Gáùn funfun ni, àmì áyọ́ọ̀nù sì wà láàárín àyà rẹ̀ gan-an, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó jó wọnú. Ìyá ìyàwó ló fi gáùn náà ṣe ìgbéyàwó tirẹ̀ láyé ọjọ́un. Ó tọ́jú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ láti kékeré, ó wá gbé e fún Onísùúrù pé kó tún un rán kó lè bá ọmọ òun mu. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́.

Yàrá gbéra sọ. Ẹ̀gbọ́n ní kó gé ibi tó jó kúrò, kó má bẹ̀rù. Bàbá Bọ́tìnnì kọ ọ̀rọ̀ kan péré: "Ìrù." Ó yé gbogbo wa. Gáùn náà ní ìrù gígùn tó ń wọ́ nílẹ̀, téèyàn bá gé díẹ̀ níbẹ̀ fi lẹ ibi tó jó, ojú kankan ò ní mọ̀. Ẹlòmíràn ní kó fi òwú kó iṣẹ́ ewé kéékèèké sójú ibi tó bá ti rán wọn pọ̀. Èmi náà ò gbẹ́yìn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Obìnrin yìí ṣiṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ wá pé tó gbé fọ́tò àṣeparí rẹ̀ wá. Gáùn náà ti wá dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ ṣeun o," ló kọ. "Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó jáde. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pa mọ́ fún ìyá náà. Ọjọ́ tó bá wá wò ó kẹ́yìn, màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un, lójú rẹ̀. Mo ti ń múra ohun tí màá sọ sílẹ̀."

Kálukú fèsì. Èmi kọ ọ́ pé, "Fọkàn balẹ̀, àbúrò, àṣírí rẹ bò." Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́.

Mo padà sílé ìwẹ̀. Mo ní kí n kàn fi fọ́tò méjèèjì pa mọ́ sínú fóònù, èyí tó jó àti èyí tó tún ṣe. Mo ní kí n kàn tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò. Mo ní kí n kàn kọ nǹkan sí i lábẹ́, mi ò ní fi síta. "Ohun tí iná ti bà jẹ́, ọwọ́ mi sọ ọ́ di ọ̀tun," bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi, ẹ ṣáà ń gbọ́. Mo fi síta.

Kí n tó jáde nílé ìwẹ̀, fóònù ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo ayé ló ń pín in kiri. Ọkọ mi pè mí láti orí àkàbà níbi tó ti ń kunlé. "Abẹ́rẹ́ Wúrà! Ọ̀gá tí mò ń kunlé fún ń fi gáùn rẹ hàn mí, kò mọ̀ pé ìyàwó mi ni!"

Ó yẹ kí n sọ fún un pé kì í ṣe gáùn mi. Mo ní, "Ṣé ó yìn mí?"

Wàhálà ò pẹ́ dé. Ọkọ mi ń júwe ṣọ́ọ̀bù mi fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í, ni àwọn èèyàn bá ń gbé aṣọ tó jó wá. Ọkùnrin kan gbé kóòtù tí sìgá ti lu wá. Ìyá kan gbé kọ́tìnnì wá, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn, mo gba gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò tún aṣọ tó jó ṣe rí. Mo wọ Yàrá lọ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bí kóòtù bá jó, kí la ń ṣe sí i?" Lẹ́yìn náà mo tún béèrè ti kọ́tìnnì.

Ẹ̀gbọ́n fèsì pé, "Gbogbo nǹkan ló ń jó lọ́dọ̀ rẹ báyìí, àbúrò. Lọ wo áyọ́ọ̀nù rẹ."

Ọkọ mi ní tirẹ̀, inú rẹ̀ ò gba ayọ̀ náà. Ó gba fóònù mi lọ́jọ́ kan, ó fi fọ́tò gáùn náà ránṣẹ́ sí fóònù tirẹ̀. "Irú èyí," ló wí, "ara ògiri ló yẹ kó wà." Mo rò pé ẹnu lásán ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Onísùúrù kọ ọ̀rọ̀ tó mú ara mi tutù.

"Ìyá ìyàwó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí. Fóònù ló kọ́kọ́ nà sí mi. Ó ní, 'Ṣé gáùn mi kọ́ rèé? O jó o, o gbé e fún ẹlòmíì tún ṣe, ẹni náà ń fi ṣe fáàrí fún gbogbo ayé, ìwọ sì ń sọ fún mi lórí fóònù pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa.' Kò jẹ́ kí n la ẹnu. Ó gbé gáùn rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará, ta ni nínú wa?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ẹnu mi ni mo tún kọ́kọ́ là. "Ìwà ọ̀dàlẹ̀ pọ́ńbélé lèyí!" ni mo kọ. "Ẹni tó bá ṣe é, ojú á tì í!" Kò tó mi. Mo tún ní àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ló yẹ ká máa ṣọ́, torí a ò mọ ohun tí wọ́n ń rò.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í sọ̀rọ̀ nínú Yàrá. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Bàbá Bọ́tìnnì wá kọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀: "Èmi kọ́ o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé lílọ mi ló máa fi ọkàn yín balẹ̀, mo ti lọ." Ó sì lọ lóòótọ́.

Mo mí kanlẹ̀. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtura ni mo rí.

Ọkàn Ẹ̀gbọ́n ò balẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ ṣèpàdé lórí fóònù lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ká máa rí ojú ara wa. Mo lọ dirun nítorí ìpàdé náà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ dirun nítorí ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi wá ọ̀dàlẹ̀. Onídìrí ò tètè dá mi sílẹ̀, eré ni mo sá wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé fóònù ti àwọn bátànì lórí tábìlì, mo jókòó, mo kẹ̀yìn sí ògiri, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti máa ń bá ojú mi mu. Mo rí ara mi bíńtín ní igun fóònù. Irun mi nìkan ni mò ń wò.

Nígbà tó kàn mí, mo sọ̀rọ̀. Mo sọ nípa ìfọkàntán. Mo ní ìdí tí mo fi fi èrò rẹpẹtẹ sílẹ̀ wá sáàárín àwọn díẹ̀ ni pé níbi tí èrò ò bá ti pọ̀, àṣírí máa ń bò. Ohùn mi gbọ̀n díẹ̀ níbẹ̀. Mo rí i pé obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rí i pé Onísùúrù tẹjú mọ́ mi, kò ṣẹ́jú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ wọ́n lára, ni mo bá fi kún un.

"Àbúrò," Ẹ̀gbọ́n wí.

"Mà?"

"Wẹ̀yìn."

Mo wẹ̀yìn. Fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fèrèsé, férémù rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Gáùn tó jó wà lápá ọ̀tún, èyí tó tún ṣe wà lápá òsì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: ABẸ́RẸ́ WÚRÀ, ÌYÀWÓ MI, ỌWỌ́ RẸ Ò NÍ RỌ LÁÉ.

Ibi tí mo ṣì ń wò ó ni ọkọ mi ti yọ láti ẹ̀yìn, tòun ti òòlù lọ́wọ́. "O ti rí i? Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu ni!" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú fóònù. "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn rẹ̀. Ẹ bá mi kí i!"

Onísùúrù ló kọ́kọ́ pa fóònù rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ojú Ẹ̀gbọ́n nìkan.

"O jẹ́ ká lé bàbá àgbàlagbà jáde," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ mà..."

"Màá lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà wá. Ìwọ, jáde fúnra rẹ. Má jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi yọ ọ́."

Mo jáde. Ọkọ mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òòlù wà lórí itan rẹ̀. "Ṣé ìwọ kọ́ lo rán an ni?" Bó ṣe bi mí jẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ máa rò pé mo ti gbọ́n níbẹ̀. Rárá o. Mo ní mo fẹ́ ṣàtúnṣe, mo sì padà sí ìkànnì ńlá lọ ṣe é. Mo kọ ìtọrọ àforíjì gígùn lórí ojú ewé Abẹ́rẹ́ Wúrà: pé èmi kọ́ ni mo rán an, pé olè ni mí, pé mo dalẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. Mo fi omijé kọ èyí náà. Àwọn èèyàn gbà á bí ẹni gba owó oṣù. "Obìnrin tó láyà!" "Ìwọ ni àwòkọ́ṣe wa!" Kó tó dalẹ́, láìkì rẹ̀ ti ju ti gáùn lọ, mo sì bá ara mi níbi tí mo ti ń kà á, tí mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àárín ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Onísùúrù wọlé. "Mo rí ìtọrọ àforíjì yín, mà. Gbogbo ayé lẹ bẹ̀. Èmi nìkan ni ẹ ò bẹ̀."

Mo pa ojú ewé náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wọkọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Màṣíìnì kan, bẹ́ǹṣì kan, áyọ́ọ̀nù tuntun lórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," ó sì gbé àga fún mi. Mi ò jókòó. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo fi ọjọ́ orí jù, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá náà, kí n lọ ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ dìde, mà. Ẹ̀gbọ́n ti bá mi lọ. Ìyá náà ti gbọ́. Ọmọ ẹ̀ ti wọ gáùn náà ṣèyàwó, ó sì bá a mu."

"Ṣé ó ti dárí jì ọ́?"

"Ó ní òun ti dárí jì mí. Kò gbéṣẹ́ wá mọ́."

Ó gbé aṣọ tó ń rán, ó tẹ́ ẹ sórí màṣíìnì, ó fọwọ́ tẹ́jú rẹ̀.

"Mo ti múra ohun tí mo fẹ́ sọ fún un sílẹ̀," ló wí. "Níwájú dígí yìí ni mo ti ń kọ́ ọ ní àràárọ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n dáadáa."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo bí mo ṣe gọ̀ tó. Mo ní, "Kí lo fẹ́ sọ, àbúrò? Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó gbójú sókè wò mí. Kò bínú. Ó kàn wò mí ni.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, mà," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ rẹ̀ lọ.